Ẹ́ńjìnnì dísù kì í tètè kú, àwọn tó yí i ká ló ń jáni kulẹ̀

Ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá bóyá píkọ́ọ̀pù elédísù ń pẹ́, ẹ óò gbọ́ ìdáhùn méjì tó takora. Àwọn kan á ní kò sí ohun tó dà bíi dísù, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á rin 500,000 kìlómítà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Àwọn yòókù á mirí. Wọ́n á ní ti àtijọ́ nìyẹn, pé ti ìsinsìnyí, póǹpù kan ṣoṣo ló máa bàjẹ́ tí owó àtúnṣe á fi fẹ́ jẹ owó ọkọ̀ tán. Ẹni tó ń kó owó jọ á wá dúró láàárín wọn, kò mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́.

Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ló jọra, ohun tó wà lọ́kàn wọn yàtọ̀.

Ṣé ọ̀kan náà ni pípẹ́ àti àìjánikulẹ̀?

Pípẹ́ ni iye kìlómítà tí ẹ́ńjìnnì lè rìn kó tó di ẹrù àwọn tó ń ra irin àjákù. Àìjánikulẹ̀ ni pé kí ẹ tan ọkọ̀ láàárọ̀, kó jẹ́ fún yín, kó sì gbé yín débi tí ẹ ń lọ láìdúró sójú títì, lónìí àti ní ọdún mẹ́jọ sí i. Ọkọ̀ lè ní èyí àkọ́kọ́ kó má ní èkejì. Ẹ rántí irú bàbá arúgbó tí egungun rẹ̀ le koko, tó ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ tí oṣù kan kì í kọjá kí wọ́n má gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, lónìí ojú, lọ́la eyín, lọ́tunla kíndìnrín. Bí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù elédísù òde òní ṣe rí nìyẹn. Egungun wọn ò láìsàn.

Kí ló fún dísù lórúkọ rere?

Ẹni tó bá ti fi póǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí á mọ̀ pé ara póǹpù náà máa ń gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ ló ń mú ooru wá. Orí ọgbọ́n yìí ni ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, kẹ́sẹ járí lórí rẹ̀ ní 1897 dúró lé. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù nílò púlọ́ọ̀gì tó máa ṣáná sí epo, dísù ò nílò rẹ̀. Á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí méjìdínlógún ààyè tó wà tẹ́lẹ̀. Ooru afẹ́fẹ́ náà á ju 500°C lọ. Bí epo bá ti ta sínú rẹ̀, ó gbiná nìyẹn.

Ìfúnpọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀ á fọ́ irin tó bá tinrin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ ara ẹ́ńjìnnì dísù nípọn, tí písítìn àti ọ̀pá inú rẹ̀ fi tóbi. Kì í yípo kíákíá bíi ti pẹtiróòlù, epo rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ọ́ìlì, ó ń jẹ́ kí irin póǹpù máa yọ̀ lára wọn bó ṣe ń kọjá. Cummins 5.9 (ẹ́ńjìnnì tí ààyè inú gbogbo sìlíńdà rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ lítà 5.9) tí wọ́n fi sínú píkọ́ọ̀pù Dodge Ram láti 1989 títí di 2007 ni àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Sìlíńdà mẹ́fà tò tẹ̀lé ara wọn, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ò sì ní kọ̀ǹpútà kankan tó ń darí epo wọn. Ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ ò pọ̀ nítorí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ò pọ̀.

Kí ló wá yí padà?

Bí epo ṣe ń dé inú sìlíńdà ló kọ́kọ́ yí padà. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni ètò tí wọ́n ń pè ní common rail ti ń gbilẹ̀. Póǹpù kan á máa ti epo sínú páìpù líle kan, gbogbo nọ́súlù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà, á máa mu níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń pàṣẹ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa là. Agbára tí wọ́n fi há epo mọ́ inú páìpù yẹn lè tó 2,000 bar. Ti táyà ọkọ̀ kékeré ò ju 2 sí 3 bar lọ, ẹ fi wé ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni òfin èéfín dé. Ní Amẹ́ríkà, láti 2007 ni àwọn píkọ́ọ̀pù elédísù ńlá ti ń gbé asẹ́ tó ń gba èérí dúdú inú èéfín, ìyẹn DPF. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn tún fi ń lo omi yúríà, tí àwọn kan mọ̀ sí AdBlue, láti sọ gáàsì olóró inú èéfín di aláìléwu. Yúróòpù náà ń mú òfin tiẹ̀ le sí i láti ọdún dé ọdún. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ṣì ní egungun tó nípọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti so asẹ́, fáàfù, páìpù, sẹ́ńsọ̀ àti táńkì kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn wọ̀nyí ló ń bàjẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan á bá yín kalẹ́, ẹ yọ ojú kúrò lára ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo àwọn tó yí i ká.

Ewu wo ló wà nínú póǹpù epo?

Èmi á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Mo ti ní dísù fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ kí irin póǹpù máa yọ̀ bí ìgbà tí a fi ọ́ìlì sí i. Àlàfo tó wà láàárín irin sí irin nínú póǹpù common rail ò ju ìwọ̀n micron díẹ̀ lọ. Fọ́nrán irun orí kan tó nǹkan bíi 70 micron. Tí omi bá wọ inú epo, tàbí afẹ́fẹ́, tàbí tí ẹnì kan ṣèèṣì da pẹtiróòlù sí i, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin.

Póǹpù Bosch kan tí wọ́n ń pè ní CP4 ló sọ wàhálà yìí di ìlú mọ̀ọ́ká. Ó wà nínú Ford Super Duty elédísù láti 2011, nínú ẹ́ńjìnnì Duramax tí GM ṣe láti 2011 sí 2016, àti nínú Ram oní-6.7 ti 2019 àti 2020. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ara rẹ̀, ẹ̀rún irin tó ń jáde á bá epo wọ páìpù, á wọ gbogbo nọ́súlù, á sì tún bá epo tó ṣẹ́ kù padà sínú táńkì. Póǹpù kan ló kú, àmọ́ gbogbo ètò epo ni wọ́n á pààrọ̀. Ní 2021, wọ́n pe Ram tó lé ní 200,000 padà nítorí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Ram sì ti padà sí CP3, póǹpù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ilé-iṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ padà sí ti àná, ó ti dáhùn ìbéèrè yín nìyẹn.

Bí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá ní irú póǹpù bẹ́ẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ sá. Ẹ bi ẹni tó ni ín léèrè ìgbà tó pààrọ̀ fílítà epo gbẹ̀yìn, kó sì fi ìwé ẹ̀ hàn yín. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín tú ilé fílítà náà, kó da epo inú ẹ̀ sínú ohun funfun. Bí ohun tó ń dán yinrinyinrin bá wà nínú ẹ̀, ẹ kí olówó ọkọ̀ pé ó dàbọ̀.

Kí ni asẹ́ èéfín ń ṣe, kí ló ń dí i?

Asẹ́ èéfín kò yàtọ̀ sí asẹ́ yòókù, á kún bó bá yá. Kò sí ẹni tó máa gbọ̀n ọ́n dànù, nítorí náà ọkọ̀ ló máa sun èérí inú ẹ̀ fúnra rẹ̀. Á da epo díẹ̀ sí i kí ooru ibẹ̀ lè gòkè dé nǹkan bíi 600°C, èérí á sì di eérú. Ó nílò ìrìn gidi kí iṣẹ́ yìí tó parí, ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ sí ìtòsí, tó ń pa á, tó tún ń tan án, á máa gé iṣẹ́ náà láàárín. Asẹ́ á dí. Èyí tó burú jù ni pé epo tí kò jóná á máa ro sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á sì fẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Ní Ọsirélíà, ilé-ẹjọ́ dá Toyota lẹ́bi ní 2022 nítorí asẹ́ èéfín inú Hilux, Prado àti Fortuner elédísù tí wọ́n tà láàárín 2015 sí 2020, ọkọ̀ tó lé ní 250,000. Níbẹ̀, ìrìn gbọọrọ lórí eré bíi 100 kìlómítà ní wákàtí kan gan-an ni asẹ́ náà ò lè bá yí. Ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn fi ń búra ni Hilux. Ẹni tó bá ní "orúkọ yẹn ti tó fún mi", kó tún un rò.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ti yọ asẹ́ náà kúrò kí ọkọ̀ lè mí dáadáa, ẹ mọ̀ pé òfin kọ̀ ọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, pé wọ́n sì ti tọwọ́ bọ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kí wọ́n tó lè ṣe é. Ẹ fi ìka nu inú ẹnu sàlẹ́ńsà. Ọkọ̀ tí asẹ́ ẹ̀ pé kì í kun ìka dúdú. Ẹ tún ronú nípa epo tí ẹ máa máa rà. Wọ́n ṣe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fún dísù tí sọ́fọ̀ inú ẹ̀ kéré gan-an (15 ppm, ìyẹn ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan, ni òfin gbà ní Amẹ́ríkà, 10 ní Yúróòpù). Bí èyí tí ẹ ń rí rà ò bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó dàgbà díẹ̀, tí kò ní asẹ́, lè sàn fún yín ju tuntun lọ.

EGR tún wà níbẹ̀, fáàfù tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì. Èéfín yẹn á pàdé ọ̀rá ọ́ìlì lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ páìpù afẹ́fẹ́ bí ọ̀dà. Ó ṣeé fọ̀. Ẹ ṣáà béèrè bóyá wọ́n ti fọ̀ ọ́ rí.

Ṣé orúkọ ilé-iṣẹ́ ò tó?

Kò tó. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Navistar, ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí Ford ń pè ní Power Stroke nígbà yẹn. Oní-7.3 tó wà láti 1994 sí 2003, àwọn tó ní i ò fẹ́ tà á. Oní-6.0 tó tẹ̀ lé e títí di 2007 ló sọ ọ̀pọ̀ wọn di oníbàárà pàtàkì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ò yí padà.

Bí oní-6.0 yẹn ṣe ń kú tó ohun tí à ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ohun kékeré tó ń fi omi rédíétọ̀ tu ọ́ìlì lára á kọ́kọ́ dí. Omi ò ní lè dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń tu èéfín EGR lára mọ́, èyíinì á gbóná títí á fi là. Omi á wọ inú sìlíńdà, á di ooru gbígbóná, á ti tọ́ọ̀pù sìlíńdà sókè. Àwọn bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ á nà, gáskẹ́ẹ̀tì á sì jó. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì nìkan á tún padà wá, nítorí ọ̀dọ̀ ohun kékeré tó dí yẹn ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà wo ooru ọ́ìlì àti ooru omi lẹ́yìn ìrìn gbọọrọ. Bí ọ́ìlì bá fi ju nǹkan bíi 8°C gbóná ju omi lọ, ó ti ń dí nìyẹn.

Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ní àìlera tiẹ̀ báyìí. Ford Ranger oní-3.2, bí wọ́n bá jẹ́ kí ọ́ìlì ẹ̀ ro pẹ́ jù nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀, póǹpù ọ́ìlì lè má fà á mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ. Nissan Navara D40 oní-2.5, ṣéènì inú ẹ̀ máa ń nà. Hilux oní-3.0 D-4D, rọ́bà àti bàbà tó dí ìdí nọ́súlù máa ń jò, èérí á sì ro sínú ọ́ìlì. Kò sí èyí tó ní kí ẹ má rà á nínú wọn. Ẹni tó ń lò ó ní láti mọ̀ ọ́n, ni. Bí ẹ bá béèrè àìlera yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, tí kò gbọ́ ọ rí, ẹ ti mọ irú ìtọ́jú tí ọkọ̀ náà ń rí.

Àwọn èèyàn á tún tọ́ka sí ọkọ̀ ogún ọdún tó ṣì ń rìn, wọ́n á ní "ẹ wò ó, ti ìgbà yẹn ló dáa." Àwọn tó bàjẹ́ nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ ti wọ ààtàn tipẹ́, ẹnu wọn ò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Kí ni kìlómítà ò lè sọ fún yín?

Kìlómítà ń sọ ibi tí táyà dé. Ẹ́ńjìnnì ní ọjọ́ orí tiẹ̀, wákàtí ni wọ́n fi ń kà á. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù elédísù ló ń pa iye wákàtí yìí mọ́, nígbà mìíràn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ pín kìlómítà sí wákàtí. Ọkọ̀ tó ti rin 150,000 kìlómítà ní wákàtí 3,000, eré 50 ló ń sá ní ìpíndọ́gba. Èkejì rin 150,000 bákan náà, àmọ́ wákàtí 6,000 ló fi rìn ín. Ìyẹn dúró sójú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lórí fún àìmọye ọjọ́, asẹ́ ẹ̀ ń dí, ọ́ìlì ẹ̀ ń dọ̀tí. Mítà àwọn méjèèjì bára mu, ọjọ́ orí wọn ò bára mu.

Lójú tèmi, ọkọ̀ tó rin 250,000 lójú ọ̀nà márosẹ̀, tó ní ìwé ìtọ́jú, ó sàn ju èyí tó rin 90,000 tí kò ní ìwé kankan. Ẹ wo ìdí ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Bí ìkọ́ tó fi ń fa ọmọlanke ẹrù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ti jẹ wọnú, ẹrù wúwo ló ti ń fà, kí ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ gíà.

Kí ni kí ẹ ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wò ó?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bó ti wù kí ọkọ̀ náà wù yín tó, ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ní kí wọ́n tan án. Ó yẹ kó tutù. Tó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹnì kan ò fẹ́ kí ẹ rí bó ṣe ń jí láàárọ̀. Ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́la.

Bó bá jí, ẹ wo èéfín. Funfun díẹ̀ tó parẹ́ kíá ò burú. Funfun tí kò lọ, tó ń rùn dídùn dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń jó. Funfun tó ń ta yín lójú, epo tí kò jóná tán ni. Èyí tó rí bí aró, ọ́ìlì ni. Dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì lè jẹ́ fílítà afẹ́fẹ́ lásán ló dọ̀tí.

Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ dorí ẹ̀ kodò sí ojú ihò náà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá kàn ń gbọ̀n díẹ̀, kò sí wàhálà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì í ṣubú, ríìǹgì písítìn ti ń jẹ. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì. Kí ó dúdú kò tó ohun tí ẹ ń bẹ̀rù, ọ́ìlì dísù kì í pẹ́ dúdú. Kí ó ga ju àmì òkè lọ, kó sì máa rùn bí dísù, ìyẹn lẹ máa bẹ̀rù, ẹ ti mọ ibi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí àwọn àmì àṣìṣe, kó wo iye tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣàtúnṣe epo nọ́súlù kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà ọ̀kan bá jìnnà sí ti àwọn yòókù, nọ́súlù yẹn tàbí sìlíńdà ẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Bí gbogbo àmì àṣìṣe bá sì ṣófo, tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun ò tíì parí àyẹ̀wò ara òun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wọ́n rẹ́ ni. Ilé àyẹ̀wò tó ń wo ọ́ìlì wà pẹ̀lú: ìgò kékeré kan tó, wọ́n á sọ iye irin, omi àti eruku tó wà nínú ẹ̀ fún yín.

Ẹ má gbàgbé abẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó dáa lórí ṣásí tó ti dípẹtà ò wúlò. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣásí àwọn Navara kan jẹ títí tó fi kán sí méjì. Ẹ fi òòlù kékeré gbá a káàkiri. Irin tó dáa máa ń dún gbọnran, èyí tó ti jẹ máa ń dún gbì.

Ta ni dísù ò yẹ fún?

Ẹni tó ń gbé ẹrù, tó ń fa ọmọlanke, tó ń rin ọ̀nà jíjìn, dísù ni tiẹ̀. Ẹni tí ìrìn ẹ̀ lójoojúmọ́ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tó kàn fẹ́ràn bí píkọ́ọ̀pù ṣe rí, asẹ́ èéfín ẹ̀ ò ní gbóná tó láti sun èérí rí. Pẹtiróòlù ni kó rà.